Orúkọ Tí Ìyàwó Ilé Kì Í Pè

Kí ẹnikẹ́ni tó máa wí, ẹ jẹ́ ká ti ibi ìwà agọ̀ Màmá Tiwalọlá bẹ̀rẹ̀, nítorí òun fúnra rẹ̀ kì í fi pamọ́ mọ́. Òun ló fi orúkọ ara rẹ̀ sí ẹ̀gbà ọwọ́ àbúrò ọkọ rẹ̀. Òun náà ló jẹ́ kí orúkọ ewúrẹ́ wọ ẹ̀gbà tirẹ̀. Ewúrẹ́ yìí ni ìjọba wá ń fún ní epo pupa, tí Òpó àárín ìlú sì ń fi hàn ní gbangba lóṣooṣù pé iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́. Obìnrin tó bímọ tó tọ́mọ, tó sin ọkọ, tí ìdí rẹ̀ ń gba àga ẹni méjì, ẹ wá wo ohun tó fi ẹnu ara rẹ̀ ṣe.

Kì í ṣe olè ló sún un débẹ̀. Àṣà ilé ọkọ ni. Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ apín-ẹ̀gbà fi ẹsẹ̀ irin rẹ̀ rìn kọ́ṣọ́kọ́ṣọ́ wọ agbolé Akínrótìmí ní Òkè-Ẹyìn, òun nìkan ló wà nílé. Àbúrò ọkọ rẹ̀ wà nínú oko ọ̀pẹ, ó ń bá àwọn akọpẹ onírin wí pé wọn kò mọ ẹyìn tó pọ́n yàtọ̀ sí èyí tó rà.

"Ẹ pe orúkọ ẹni tó ni ẹ̀gbà yìí," ni ẹ̀rọ wí.

"Ti Eyínfúnjowó ni."

"Orúkọ àlàjẹ́ ni ìyẹn. A kò gbà á. Ẹ pe orúkọ."

"Àbúrò bàbá àwọn ọmọ mi ni."

"Ẹ pe orúkọ."

"Níbi tí wọ́n ti rọ ìwọ yìí, ṣé wọn kì í gbéyàwó níbẹ̀ ni? Wọ́n ti bí i kí n tó wọ ilé yìí. Ọkọ ló jẹ́ fún mi. Ẹnu mi kò gbọdọ̀ dárúkọ rẹ̀."

"Ẹ pe orúkọ. Bí ẹ̀gbà kò bá lórúkọ, a ó ti ẹnu-epo ilé yìí pa."

Ẹnu-epo ni irin tó yọ lára ògiri ilé ìdáná gbogbo ará ìlú, ibẹ̀ sì ni epo ti ń ṣàn wá. Ìbínú ló mú kí Màmá Tiwalọlá pe orúkọ òun fúnra rẹ̀, "Tiwalọlá. Ó dáa bẹ́ẹ̀?" Ẹ̀gbà kìíní padé, ká. Nígbà tí ẹ̀rọ na ẹ̀gbà kejì, èyí tó jẹ́ tirẹ̀, sí i, ó tún pe Tiwalọlá, ẹ̀rọ ní orúkọ yẹn ti ní ẹ̀gbà. Ibi tó ti ń ronú ohun tí yóò sọ ni ewúrẹ́ rẹ̀ ti ki orí bọ gààrí.

"Àpèkẹ́, kúrò níbẹ̀."

"Àpèkẹ́," ni ẹ̀rọ wí. "Ó ti wọlé." Ó kó ẹsẹ̀ rẹ̀ jọ, ó bá tirẹ̀ lọ. Àjọ Iṣan tí ìjọba fi ń ṣọ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ ará ìlú kì í ka orí ènìyàn, ẹ̀gbà ni wọ́n ń kà. Ilé ti Màmá Tiwalọlá nínú agbolé náà ní ẹ̀gbà méjì, ó ní orúkọ méjì, ó ti parí.

Láti ìgbà náà, bí oṣù bá lé, Òpó, ẹ̀rọ gíga tó ń gbọ́ ẹ̀jẹ̀ ará ìlú láti inú ẹ̀gbà ọwọ́ wọn, á bẹ̀rẹ̀ sí pe orúkọ wọn ní gbangba ọjà. Ẹni tí àwọn jíìnì aṣiṣẹ́-ọ̀rá rẹ̀, ìyẹn àṣẹ àjogúnbá inú ara tó ń rí sí ọ̀rá, bá ń pariwo nínú ẹ̀jẹ̀, Òpó á kùn fún un bí ilé oyin. Ẹni tí tirẹ̀ bá rọlẹ̀, Òpó á dákẹ́, wọ́n á sì ṣí ẹnu-epo fún un. Á pe Àpèkẹ́, á dákẹ́ pẹ̀sẹ̀. Á pe Tiwalọlá, á kùn débi tí àwọn adìyẹ á fi sá. Àwọn aládùúgbò gbà pé Àpèkẹ́ jẹ́ ọmọ rẹ̀ kan tó wà lókè òkun.

"Àpèkẹ́ ńkọ́, Màmá? Ṣé ó ti rí ọkọ?"

"Ó ti bímọ. Ìbejì ni."

"Ẹ kú oríire. Kí ló ń jẹ níbẹ̀ tí iṣan rẹ̀ fi mọ́ báyìí?"

"Ewé ló fẹ́ràn jù."

Á rẹ́rìn-ín délé, ẹ̀rín tó máa ń jẹ́ kó di ògiri mú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òmùgọ̀ tán. Ó mọ ẹni tí Òpó ń kùn fún ní tòótọ́. Nítorí náà, epo tí Àpèkẹ́ bá gbà, abọ́ tirẹ̀ nìkan ló ń dà á sí. Ọbẹ̀ tí ó ń sè fún Eyínfúnjowó máa ń gbẹ bí ẹnu ọ̀nà ní ọyẹ́.

"Ìyàwó, ta ni mo ṣẹ̀?" ni ọkùnrin yẹn á máa bi í. "Ẹran yìí ń fi eyín mi ṣeré, eyín tí kò tó nǹkan mọ́."

"Ẹ̀yin ọkọ mi, ẹ jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹyìn ọ̀pẹ ló wọ́n."

Ó wọ́n, nínú ìlú tí ọ̀pẹ yí ká bí odi.

Ó ṣe é títí, lóṣù kan Òpó pe Tiwalọlá, kò kùn. Lóṣù kejì, kò kùn. Gbangba ọjà hó. Ẹnikẹ́ni kò rí irú rẹ̀ rí, pé kí àgbàlagbà tí Òpó ń kùn fún bí ẹ̀rọ ọlọ dákẹ́ lójijì. Àjọ Iṣan ní ìwòsàn ni. Wọ́n ní wọ́n ń bọ̀ wá ṣe ọjọ́ ayẹyẹ fún un, wọ́n á sì fi kọ́kọ́rọ́ Àgbá Ńlá tó gba epo ìlú lé e lọ́wọ́, kó ṣí i fún gbogbo ìlú, kí olúkúlùkù bu epo lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ kan yẹn. Màmá Tiwalọlá rò ó nínú ara rẹ̀ pé ọbẹ̀ gbígbẹ ti wo àbúrò ọkọ òun sàn. Inú rẹ̀ dùn. Láti ọjọ́ náà ló ti ń da epo sí ọbẹ̀ ọkùnrin yẹn wàràwàrà, bí ẹni tó ń san ẹ̀jẹ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ayẹyẹ, ó ń ti aṣọ bọ ara níwájú ilé, aṣọ kò fẹ́ gbà, nígbà tí Dókítà Ìmísí wọlé. Ọ̀dọ́bìnrin tí Àjọ rán láti olú-ìlú ni, ó gbé àpótí aláwọ̀ omi kan dání. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ìmúra, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó lọ, mo fẹ́ wo ọrùn yín."

"Kí ni ọrùn mi ṣe? Àbí wọ́n fẹ́ fi kọ́kọ́rọ́ náà kọ́ mi lọ́rùn?"

"Iṣan tó gba ibẹ̀ kọjá ni mo fẹ́ wò." Ó yọ awò pẹlẹbẹ kan, ó fi lé ẹ̀gbẹ́ ọrùn rẹ̀. Àwòrán iṣan náà hàn sára ògiri, ó gbòòrò, ẹ̀jẹ̀ ń gba inú rẹ̀ ṣàn bí odò tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọṣọ sí. Ọmọbìnrin náà wò ó títí. Ó fà á sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó tún wò. Ó wá jókòó sórí àpótí rẹ̀ bí ẹni tó rìn jìnnà.

"Ó mọ́," ni ó wí.

"Ṣé kò yẹ kó mọ́ ni?"

"Màmá, mo fẹ́ sọ òótọ́ fún yín. Ìbẹ̀rù ló gbé mi wá. N kò gba ìdákẹ́ yìí gbọ́." Ó fi ìka tọ́ka sí ògiri. "Àwọn agbálẹ̀ wà lára ògiri iṣan. Sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n. Ọ̀rá tó bá sá wọ inú ògiri, wọ́n á gbé e mì, wọ́n á sì tún kó o dà síta. Jíìnì kan wà nínú wọn tó ń pàṣẹ pé kí wọ́n kó o jáde. Bí ọ̀rá bá ṣe ń pọ̀ sí i ni jíìnì yẹn á máa pariwo sí i. Ariwo yẹn ni Òpó ń gbọ́."

"Ìyẹn ni wọ́n ṣe ní ẹni tó ń kùn kò sàn."

"Ohun tí Àjọ gbà nìyẹn. Èmi rò pé ariwo iṣẹ́ ni. Àrùn wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n agbálẹ̀ ń bá a jà. Bí ọ̀rá bá wá borí agbálẹ̀, tí agbálẹ̀ jẹ ẹ́ yó, tó wú, tí kò lè gbé ìgbálẹ̀ mọ́, jíìnì rẹ̀ á dákẹ́. Agbálẹ̀ náà á kú síbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ á di ìdọ̀tí, iṣan á máa dí." Ó mí kanlẹ̀. "Ilé tó mọ́ máa ń dákẹ́, Màmá. Ilé tí agbálẹ̀ ti kú sí náà máa ń dákẹ́. Òpó kò mọ ìyàtọ̀."

Ọwọ́ Màmá Tiwalọlá dúró lára aṣọ.

"Nígbà tí mo rí i pé tiyín kùn fún ọdún gbọọrọ tó wá dákẹ́ lójijì, mo ní ó ti tán," ni dókítà ń sọ lọ. "Ìdí tí mo fi gbé oògùn tí à ń pè ní ẹja wá nìyí." Ó ṣí àpótí. Omi kan wà nínú ìgò, ó ń dán, ohun wẹ́wẹ́ tí ojú kò lè mú dáadáa ń yí nínú rẹ̀. "Wọ́n á wẹ̀ lọ bá agbálẹ̀ níbi tó sùn sí, wọ́n á jí jíìnì rẹ̀ kó tó kú tán. Tí oòrùn bá wọ̀, àwọn náà á kú. Ṣùgbọ́n mo ti ṣàṣìṣe, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Iṣan yín mọ́. Lónìí ni màá sọ fún Àjọ pé àwọn ló jàre, pé ìdákẹ́ ni ìlera."

"Tí kì í bá ṣe pé iṣan mi mọ́ ńkọ́?" Ohùn rẹ̀ ti kéré. "Tí ẹlòmíràn bá kùn bẹ́ẹ̀, tó sì dákẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"N kò rò pé onítọ̀hún á rí òjò tó ń bọ̀ yìí."

Ibẹ̀ ni Eyínfúnjowó ti gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Ó wọ agbádá, ó dé fìlà aláró ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti kú, ó gbé àga kan tí ó fẹ́ jókòó lé ní gbangba. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó gbé àga náà kalẹ̀, ó fi ọwọ́ kan di òpó ilé mú, ó fi èkejì lé àyà. Òógùn ti bo imú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ oòrùn kò tíì mú.

"Ẹ kú àárọ̀ o, dókítà. Ìyàwó, ṣé o kò tíì wọṣọ tán ni? Kí aṣọ yẹn má baà fà ya ká tó dé ọ̀hún."

"Kí ló ń ṣe yín láyà?"

"Gáàsì ni. Ọbẹ̀ àná ló dùn jù, ẹni tó ti pẹ́ tí kò rí epo."

Gáàsì. Ọ̀rọ̀ tí ọkọ rẹ̀ sọ kẹ́yìn láyé nìyẹn, lórí àga ìjókòó kan náà, kí ẹ̀gbà tó dáyé. Ó ní gáàsì ni, ó ní kí wọ́n fún òun ní omi, kí omi tó dé ó ti lọ.

"Ṣé nǹkan kan wà, Màmá?" ni dókítà bi í.

Ẹnu rẹ̀ ṣí. Òfin Àjọ wà lára ògiri ilé ìdáná gbogbo ènìyàn, ó sì mọ̀ ọ́n sórí bí orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹni tó bá fi ẹ̀gbà ẹnìkan sí orúkọ ẹlòmíràn, a ó ti ẹnu-epo rẹ̀ títí ọjọ́ ikú. Ohùn tó kọ́kọ́ pe orúkọ sí ẹ̀gbà nìkan ló sì lè tún un pè. Epo dùn mọ́ ọn. Iṣu sísun àti epo gbígbóná, ohun tó ń jí fún láràárọ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n epo kọ́ ló di ẹnu rẹ̀ mú. Orúkọ yẹn ni. Láti ìgbà tó ti dé ilé yìí ní ìyàwó, kò pè é rí, kódà lójú àlá. Eyínfúnjowó fúnra rẹ̀ ti lérí níwájú gbogbo agbolé pé lọ́jọ́ tí ìyàwó ilé yìí bá fi ẹnu kan orúkọ òun, òun á di ẹrù òun, òun kò ní jẹ oúnjẹ rẹ̀ mọ́ láéláé.

"Kò sí," ni ó wí.

Dókítà gbé àpótí rẹ̀, ó ṣáájú.

Ọ̀nà gbangba kò jìn, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀melòó ni Eyínfúnjowó gbé àga kalẹ̀, tó jókòó lé e, tó ń díbọ́n pé akọpẹ onírin tó ń gun ọ̀pẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà lòun ń wò.

"Ẹ wo bó ṣe ń gùn ún. Kò mọ̀ pé wọ́n ń fi ẹ̀yìn ti okùn igbà ni."

"Ẹ jẹ́ ká padà sílé."

"Padà? Lọ́jọ́ tí ìyàwó ilé mi fẹ́ gba kọ́kọ́rọ́ ìlú? Ṣé o fẹ́ kí wọ́n sọ pé ìlara ń pa mí ni?"

"Bí mo bá ṣẹ̀ yín lónìí," ni ó wí, "ẹ̀ṣẹ̀ ńlá, ẹ ó foríjì mí?"

"Ìgbà wo ni o kò ṣẹ̀ mí rí? Gbé àga yìí fún mi."

Ó gbé e.

Gbangba ti kún. Òpó dúró láàárín, ó dúdú, ó ń dán, ó ga ju ọ̀pẹ lọ. Àgbá Ńlá wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, òórùn epo tuntun ń gba ojú ìdè rẹ̀ jáde, àwọn ènìyàn sì ti gbé kèrègbè àti agolo dání. Alága Àjọ Iṣan, ọkùnrin tínínrín kan tí ọrùn rẹ̀ gùn, sọ̀rọ̀ títí àwọn ọmọdé fi sùn. Ó wá fi kọ́kọ́rọ́ lé Màmá Tiwalọlá lọ́wọ́. Ó wúwo. Ó tutù.

"Ẹ bá ìlú sọ̀rọ̀, Màmá, kí ẹ tó ṣí i."

Ó wo iwájú. Eyínfúnjowó jókòó lórí àga rẹ̀ láàárín àwọn àgbà, ó ń pàtẹ́wọ́ fún un. Ètè rẹ̀ ti di eérú. Ó ń pàtẹ́wọ́ náà pẹ̀lú ẹ̀rín, ó ń fi eyín mẹ́rin tó kù yọ̀ fún un.

"Ẹ̀yin ará Òkè-Ẹyìn," ni Màmá Tiwalọlá wí, "Òpó kì í purọ́. Èmi ni mo purọ́ fún Òpó."

Ó yíjú sí àwọn aládùúgbò rẹ̀.

"Àpèkẹ́ tí ẹ ń bi mí léèrè rẹ̀, tí ẹ ní ó dákẹ́ jù, ẹsẹ̀ mẹ́rin ló ní."

"Àpèkẹ́ tó bí ìbejì?" ni obìnrin kan bèèrè.

"Òun náà ni. Ìbejì wà lẹ́yìn ilé mi, wọ́n so wọ́n mọ́ igi. Ẹ̀gbà tí ẹ mọ̀ sí ti Àpèkẹ́ ló wà lọ́wọ́ mi yìí. Èmi ni mo ń jẹ epo ewúrẹ́ láti ọjọ́ yìí. Ẹ wo ìdí mi, ẹ ó rí ibi tí ó lọ."

Ẹ̀rín bẹ́ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ẹnìkan wó lulẹ̀ pẹ̀lú agolo rẹ̀. Màmá Tiwalọlá náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹkún wà nínú rẹ̀, àwọn tó sún mọ́ ọn sì rí i.

Alága kò rẹ́rìn-ín. "Màmá, ṣé ẹ mọ òfin?"

"Mo mọ̀ ọ́n. Ẹ tì í. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ gbọ́ tán. Ẹ̀gbà tí ẹ mọ̀ sí Tiwalọlá, èyí tó kùn tó dákẹ́, kì í ṣe èmi ni mo wọ̀ ọ́."

Dókítà Ìmísí ti ń fò lórí àwọn àga bọ̀. "Ta ló wọ̀ ọ́, Màmá? Ta ni?"

"Ẹni tó dé fìlà aláró yẹn."

Kí Eyínfúnjowó tó lanu, awò ti wà ní ọrùn rẹ̀. Àwòrán hàn gàdàgbà lójú Òpó, gbogbo ìlú rí i. Odò kọ́ ni èyí. Ọ̀rá ti dì mọ́ ògiri iṣan lọ́tùn-ún lósì, ó kù tínńtín kí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì fẹnu kanra, ẹ̀jẹ̀ sì ń yọ́ kọjá láàárín bí ẹni tó ń gba ẹ̀gbẹ́ ajá onílé kọjá.

"Gáàsì ni mo sọ fún wọn," ni Eyínfúnjowó wí. Ó fẹ́ dìde. Ó rọra ṣubú sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, fìlà aláró yí lọ.

Dókítà ti gbé ìgò jáde, ó ti fi ẹnu ìgò kan ẹ̀gbà ọwọ́ ọkùnrin náà. Ìgò kò ṣí. Ó kígbe orúkọ ọkùnrin náà sí Òpó bí àwọn àgbà ṣe sọ ọ́ sí i létí.

"Ẹ̀gbà Tiwalọlá ni èyí," ni Òpó dáhùn. "Ara tó wọ̀ ọ́ kì í ṣe ti Tiwalọlá. Ẹja kì í wọ ara tí kò lórúkọ. Kí ohùn tó kọ́kọ́ pe orúkọ sí ẹ̀gbà yìí tún un pè."

Gbogbo ojú yí sí Màmá Tiwalọlá. Àwọn ìyàwó ilé Akínrótìmí tó wà láàárín èrò ti fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Eyínfúnjowó," ni Màmá Tiwalọlá wí.

"Orúkọ àlàjẹ́ ni ìyẹn. A kò gbà á."

"Àbúrò ọkọ mi. Ọmọ ìyá ọkọ mi. Ẹ̀rọ, jọ̀ọ́."

"Ẹ pe orúkọ."

Ó kúnlẹ̀ ti ọkùnrin náà. Ojú ọkùnrin náà ti padé. Ó wá rántí ọjọ́ tí wọ́n mú un wọ agbolé yẹn, tí ìyá ọkọ rẹ̀ bu omi fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá náà ní, "Mo ti fọ ẹsẹ̀ rẹ mọ́, fi ẹnu rẹ náà sí mímọ́, má fi pe orúkọ àwọn ọmọ mi." Ó rántí pé ìyá yẹn kan náà ló sọ ìtàn ọmọ mẹ́ta tó bí lẹ́yìn ọkọ Màmá Tiwalọlá, ṣáájú ẹni tó wà nílẹ̀ yìí, tí wọ́n wá tí wọ́n lọ, tó fi jẹ́ pé nígbà tí èyí dé, ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n sọ ọ́ lórúkọ. Ìyá náà kì í pe orúkọ yẹn bí ẹni ń pe ènìyàn. Bí ẹni di aṣọ aláàánú mú ló ṣe ń pè é.

"Ìyá ọkọ mi," ni ó wí sínú ilẹ̀, "ẹ má bínú. Ẹ̀bẹ̀ yín ni mo fẹ́ bá yín bẹ̀."

Ó gbé orí sókè.

"Málọmọ́."

"Kò ṣe kedere," ni Òpó wí.

Ohùn tí Màmá Tiwalọlá fi ń pe ewúrẹ́ láti oko dé ilé, òun ló gbé jáde. "Málọmọ́, ọmọ Akínrótìmí. Málọmọ́. Málọmọ́."

Àwọn ẹyẹ ṣí lórí ọ̀pẹ. Ìgò ṣí, ká. Omi tó ń dán náà sá wọ abẹ́ ẹ̀gbà, ó tán.

Òpó dákẹ́, ìdákẹ́ tí ìlú yẹn ti fẹ́ràn láti ìgbà tó ti dáyé, tí ó wá dà bí ibojì létí wọn lónìí. Dókítà di ọwọ́ ọkùnrin náà mú. Alága fúnra rẹ̀ na ọrùn rẹ̀ gígùn síwájú.

Nígbà náà ni nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ Òpó. Ó kéré, bí oyin kan ṣoṣo nínú kèrègbè. Ó di méjì. Ó di agbo. Àwọn èrò kọ́kọ́ sún sẹ́yìn gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn, nítorí ẹ̀bi ni wọ́n mọ kíkùn sí. Dókítà Ìmísí na ọwọ́ méjèèjì sókè, omijé ń ṣàn lójú rẹ̀.

"Wọ́n ti jí," ni ó wí. "Àwọn agbálẹ̀ ti jí. Iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe yẹn. Ẹ jẹ́ kó kùn."

Òpó kùn. Ó kùn débi tí Àgbá Ńlá fi ń gbọ̀n, tí agolo ọwọ́ àwọn ènìyàn fi ń dún síra. Obìnrin tó bèèrè ìbejì ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ijó. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, gbangba ti di ijó, àwọn ẹni tí Òpó ti ń dójú tì lóṣooṣù ń na àyà wọn síta, wọ́n ń ní, "Èmi náà ń kùn o, agbálẹ̀ tèmi kì í ṣe ọ̀lẹ." Àwọn tó ti kùn rí tí wọ́n wá dákẹ́, tí wọ́n fi ń yangàn, ti ń tò sẹ́yìn dókítà, wọ́n ń na ọrùn fún awò.

Alága wo Òpó títí. Ó yíjú sí dókítà. "Ránṣẹ́ sí olú-ìlú. Kí wọ́n kó ẹja wá, kí ó pọ̀. Gbogbo ẹni tó kùn tó dákẹ́, ní ìlú gbogbo, a ó pè wọ́n padà." Ó wá na ọwọ́ sí Màmá Tiwalọlá fún kọ́kọ́rọ́. Ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Òfin ni, Màmá. N kò lè yí i padà níhìn-ín."

"Ẹ gbà á. Màá máa fi iyọ̀ jẹ iṣu mi. Ẹni tí màá máa bá jà lórí ọbẹ̀ gbígbẹ kò kúkú tíì lọ síbì kankan. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí àgbá yẹn fún wọn. Agolo ti wà lọ́wọ́ wọn láti àárọ̀."

Alága ṣí i fúnra rẹ̀.

Nílẹ̀, ojú ọkùnrin náà là. Ó wo ọ̀run, ó wo Òpó tó ń kùn, ó wo obìnrin tó kúnlẹ̀ tì í. Àwọ̀ ènìyàn ti ń padà sí ètè rẹ̀. Àwọn ìyàwó ilé tún fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ìyàwó."

"Ẹ̀yin ọkọ mi."

"Mo gbọ́ ọ."

Màmá Tiwalọlá tẹ orí ba, ó ń retí ẹrù dídì, ó ń retí ìlérí ọjọ́ náà.

"Ìyá mi nìkan ló máa ń pè é báyẹn," ni ọkùnrin náà wí. Ó fi ọwọ́ tó ní ẹ̀gbà lé tirẹ̀. "Tún un pè."